Ìṣẹ́jú 45 àti ọwọ́ méjì: bí a ṣe ń pààlà àkókò àti ara nínú ìtọ́jú eré fún ọmọdé

Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún wá sọ́dọ̀ mi láti Ìkéré fún ìtọ́jú eré, ìyẹn ìtọ́jú tí à ń fi eré ṣe fún ọmọ tí nǹkan ń dà lọ́kàn rú. Kò tíì jókòó tó fi bi mí pé, "Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa gbà?" Bó ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ ni ọmọ ti di ìró mi mú, ó ń sunkún pé kí n pọ̀n òun. Mo dá ìyá lóhùn pé, "Kò ní pẹ́, mà." Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ pọ̀n.

Ohun méjèèjì tí mo ṣe yẹn ló kù díẹ̀ káàtó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ yẹn kò fọwọ́ kan ohun ìṣeré kankan. Bó bá ti wọlé, ẹ̀yìn mi ló ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún tí mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó bù mí jẹ léjìká. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti ka "kò ní pẹ́" sí oṣù kan. Oṣù pé, kò mú un wá mọ́. N kò dá a lẹ́bi. Ìyá kò mọ ibi tí àkókò máa dé, ọmọ kò mọ ibi tí ara mi parí sí, èmi ni mo sì yẹ kí n ti sọ ọ́ fún wọn.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin agbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ẹ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtọ́jú eré, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Adó, Ìkọ̀lé, Ìjerò tàbí ibikíbi tí iṣẹ́ gbé yín dé. Ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ náà, kó lọ kọ́ ọ kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ti kọ́ ọ, kó wá ọ̀gá kan tí yóò máa bá a wo iṣẹ́ rẹ̀.

Oríṣi ìtọ́jú eré pọ̀. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń darí: ó yan ohun tó fẹ́ ṣe, olùtọ́jú ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ nínú ọkàn ọmọ. Virginia Axline, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ló là á kalẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1947. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá ló bá mu jù. Ìlànà mẹ́jọ ni Axline fi lélẹ̀. Ìkeje ní kí olùtọ́jú má ṣe kánjú, torí ìtọ́jú a máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìkẹjọ ní ìwọ̀nba ààlà tó máa so yàrá eré mọ́ ayé gidi nìkan ni kí olùtọ́jú fi lélẹ̀, èyí tó máa jẹ́ kí ọmọ mọ ojúṣe tirẹ̀. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ni mo sì dúró lé lórí.

Ẹni tó bá dàgbà sí oko ní Èkìtì mọ pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n ń gbìn sí ààlà. Kì í ṣe ògiri, ọmọdé lè fò ó kọjá. Àmọ́ ibi tó wà lánàá náà ló wà lónìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ rí òbí, láìsí ọmọ

Ẹ pe ẹni tó ń tọ́ ọmọ gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé, òbí wọn wà l'Ékòó tàbí l'Ábújá. Màmá yẹn lẹ ó bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ lè gbọ́ lórí fóònù.

Wọ́n máa bèèrè iye ọ̀sẹ̀, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́. Ní 2005, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Sue Bratton, Dee Ray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kó ìwádìí 93 lórí ìtọ́jú eré jọ, wọ́n wò ó papọ̀, wọ́n sì rí i pé ìjókòó 35 sí 40 ni àǹfààní rẹ̀ ti ga jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oyún oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ sọ iye yẹn lójijì fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, yóò gbé báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ kan náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ìjókòó wọn kò tó 14 ló mú èso tó dáa wá. Dee Ray àti àwọn mìíràn sì ti ṣe é nínú ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í gbé ibì kan, ìjókòó 16, ìṣẹ́jú 30 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí ìyàtọ̀.

Nítorí náà, táàmù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, torí òbí mọ bí táàmù ṣe gùn tó. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyí: "Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe táàmù kan, ìjókòó 12. Tó bá di ẹ̀kẹfà, èmi àti ẹ̀yin máa jókòó, a ó wo bó ṣe ń lọ. Tí táàmù bá parí, a ó pinnu bóyá a ó dúró tàbí a ó fi kún un. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá kọ́kọ́ burú sí i nílé." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọmọ tó ti ń pa ẹkún mọ́ra láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, nígbà tó bá rí ibi tí wọ́n ti gbà á láyè, ó lè máa sunkún kiri ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òbí tí ẹ kò bá kìlọ̀ fún máa rò pé ẹ ti ba ọmọ jẹ́.

Iye tí ẹ máa dá, ohun tó ṣe ọmọ ló máa sọ ọ́. Ọmọ tó kàn ń bẹ̀rù ilé ẹ̀kọ́ tuntun lè má ju ìjókòó mẹ́wàá lọ. Èyí tí wọ́n ti lù fún ọdún mẹ́ta, tàbí tí wọ́n ti gbé láti ilé dé ilé, ẹ má fi táàmù kan tan òbí rẹ̀. Ẹ sọ pé ọdún kan.

Bí owó ọkọ̀ láti Ọ̀múò tàbí Ẹ̀fọ̀n bá le jù, ọ̀nà kan wà tí èmi fẹ́ràn gan-an: ẹ kọ́ òbí. Bernard àti Louise Guerney ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Garry Landreth, olùkọ́ ìtọ́jú eré ní Amẹ́ríkà, àti Bratton wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, tí òbí á máa bá ọmọ ṣeré fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nílé, pẹ̀lú ààlà kan náà tí à ń lò nínú yàrá. Nínú àkójọ 2005 yẹn, ibi tí òbí fúnra rẹ̀ ti ṣe é ni èso ti pọ̀ jù. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni ọmọ ń wá ojú rẹ̀ kiri bí kò ṣe ẹni tó bí i?

Kí òbí tó lọ, ẹ sọ ti ara náà fún un. Ẹ sọ pé ẹ kì í na ọmọ. Wọ́n máa rẹ́rìn-ín, àwọn kan á ní, "Ẹ bá mi nà án díẹ̀ náà, Àǹtí, mo yọ̀ǹda." Ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣeun, mà, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn." Ẹ sọ pé bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ lè dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ sọ pé òbí gbọ́dọ̀ dúró síta títí ìjókòó á fi parí, torí òun ló máa mú ọmọ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ bó bá pọn dandan. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìyọ̀ǹda. Bí kò bá lè kà, ẹ kà á sí i létí lédè tó gbọ́, kó tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó má máa bi ọmọ lórí ọ̀kadà pé, "Kí lẹ ṣe? Kí ni Àǹtí sọ?"

Ìgbésẹ̀ kejì: yàrá

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Landreth dábàá yàrá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, tó sì gùn tó 15. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀kùn ní gíláàsì tàbí fèrèsé tí àgbàlagbà tó bá dúró síta lè yọjú wò. Ààbò ọmọ ni, ààbò tiyín náà ni, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ wá bèbí, ìkòkò àti ṣíbí, yanrìn nínú báàfù, amọ̀, kréyọ̀nù, ẹranko onírọ́bà, ìbọn tí kò jọ ìbọn gidi, ohun èlò dókítà. Fún tiwa níbí, ẹ fi odó àti ọmọ odó kékeré kún un, ẹ má gbàgbé ọ̀já. Tìmùtìmù kan tó nípọn, tí ọmọ lè lù títí ọwọ́ á fi ro ó, kò gbọdọ̀ ṣaláìsí. Ohun tó gbówó lórí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, torí bí ẹ bá ń ṣọ́ nǹkan kó má fọ́, ẹ kò ní lè ṣọ́ ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aago

Ìṣẹ́jú 30 sí 50 ni ìjókòó kan. Nínú ilé ẹ̀kọ́, 30 dáa, torí ọmọ á padà sí kíláàsì. Níbòmíràn, 45 ni mo ń lò. Èyí tó bá wù kí ẹ mú, kó jẹ́ ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi ń sọ gbogbo nǹkan: "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí àkókò wa nínú yàrá eré tó pé lónìí." Bó bá ku ẹyọ kan, ẹ tún un sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ìṣẹ́jú márùn-ún sí ogún, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò mọ pé bí Àǹtí bá ti wí báyìí, òun ṣì lè kọ́ ilé kan wó. Bí àkókò bá pé, ẹ dìde. Dídìde yìí ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jókòó tí ẹ ń bẹ̀ ẹ́, ó ti mọ̀ pé àyè ìdúnàádúrà ṣì wà.

Ọmọ lè kọ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ sínú yanrìn. Ẹ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn: "Ó wù ẹ́ láti dúró síbí. Àkókò wa ti pé lónìí. O máa padà wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè." Ẹ tún un sọ bí ó bá pọn dandan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kan síta. Ẹ má fà á lápá. Lọ́jọ́ tó burú jù fún mi, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ tó kàn ti ń wò wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Níbo la ti ń tàsé jù? Níbi tí eré bá ti dùn. Ọmọ tó ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìṣẹ́jú méjì ló kù, ó wá sin bèbí sínú yanrìn, ó ní, "Àbúrò mi nìyí." Gbogbo ara yín á fẹ́ fi ìdajì wákàtí kún un. Ẹ má ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjì ló kù ló fi gbójúgbóyà gbé e jáde: nǹkan ńlá, àmọ́ kò ní lè gùn. Bí ẹ bá nà án, ẹ ti gba ilẹ̀kùn tó fẹ́ gbà jáde mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, "O sin ín síbí. Ó ṣe ẹ́ bákan," kí ẹ sì dìde bí ẹ ṣe máa ń dìde. Yóò mú un padà wá.

Bí òjò bá dá wọn dúró ní Ìjìgbò tí wọ́n dé pẹ̀lú ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn àkókò, ìṣẹ́jú 25 ló kù fún wọn. Ó ń dun òbí. Ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹnu tí a fi ń pààlà

Ẹ má ka òfin sí ọmọ létí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ kàn sọ pé, "Yàrá eré nìyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó bá wù ẹ́ ni o lè gbà fi nǹkan inú rẹ̀ ṣeré." Ọ̀pọ̀ ọ̀nà, a kò sọ pé gbogbo ọ̀nà. Ìgbà tí ààlà bá tó nílò ni kí ẹ fi hàn.

Ọ̀nà tí Landreth fi kọ́ni ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ẹ sọ ohun tó ń ṣe ọmọ, ẹ sọ ààlà, ẹ fi ibòmíràn tó lè gbé e gbà hàn án. Èdè wa bá ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ mu ju bí mo ṣe rò lọ. Ìbínú ló ń bí ènìyàn, ẹ̀rù ló ń bà á, ìtìjú ló ń tì í, àárò ló ń sọ ọ́. Nǹkan wọ̀nyí ló ń wá bá ọmọ, òun kọ́ ló dá wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé "Inú ń bí ẹ," ẹ kò fi ẹ̀sùn kàn án.

Ẹsẹ̀ kejì ni mo ti ní ìṣòro. "Wọn kì í lu àgbà" ló kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu mi, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Àmọ́ létí ọmọ, "wọn kì í" dún bí èèwọ̀: ẹni tó bá ṣe é, nǹkan á ṣe é. Ọmọ tó ti ń rò pé òun ló pa àbúrò òun, mi ò fẹ́ fi èèwọ̀ mìíràn kún ẹrù orí rẹ̀. Mo wá ń sọ pé, "Èmi kì í ṣe ohun lílù." Ọ̀rọ̀ lásán nípa mi ni, kò sí ìdájọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ọmọbìnrin ọdún méje ń gún iyán nínú odó kékeré. Bèbí tó gbé jókòó ń ṣubú ṣáá. Ó wo bèbí, ó wò mí, ó gbé ọmọ odó sókè, ojú rẹ̀ wà lórí orúnkún mi. Mi ò sún sẹ́yìn, mi ò sì na ọwọ́. "Inú ń bí ẹ sí mi gan-an. Èmi kì í ṣe ohun lílù. Tìmùtìmù yẹn ni o lè lù." Ọmọ odó dúró lófuurufú. Ó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó sì fi lu tìmùtìmù títí òwú fi yọ níbi tí wọ́n ti rán an. Ó fi ọwọ́ kan òwú yẹn jẹ́jẹ́, ó ní, "Ó dùn ún."

Bí kò bá yí padà ńkọ́? Ẹ tún un sọ, ohùn kan náà. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi yíyàn síwájú rẹ̀: "Bí o bá yàn láti tún fi ọmọ odó lù mí, o yàn pé o ò ní fi ọmọ odó ṣeré mọ́ lónìí. Bí o bá yàn láti lu tìmùtìmù, o yàn láti máa fi ọmọ odó ṣeré lọ." Bó bá wá lù yín, ẹ sọ pé, "Mo rí i pé o ti yàn," kí ẹ gbé ọmọ odó sórí àjà. Ẹ má wàásù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ara

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ wa á kúnlẹ̀, á dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ dáhùn, ó tán síbẹ̀. Nínú yàrá, kò pọn dandan kó kúnlẹ̀ kó tó fún yín ní nǹkan, bó bá sì fi ọwọ́ òsì nà án sí yín, ẹ gbà á. Ọmọ tó bá ti abúlé wá lè máa pè yín ní "ìwọ". Nínú èdè Èkìtì àbáláyé, ìwọ ni wọ́n ń pe àgbà, àrífín kankan kò sí níbẹ̀. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé wá láti Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn.

Ọmọ tó bá fẹ́ dì mọ́ yín ńkọ́? Òfin mi kò ju pé kí ọwọ́ ọmọ ṣíwájú ọwọ́ mi. Bó bá dì mọ́ mi fìrí bó ṣe ń lọ, mo dì mọ́ ọn fìrí, ní ẹ̀gbẹ́, mo sì sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀: "O fẹ́ kí n mọ̀ pé inú rẹ dùn lónìí." Èmi kì í kọ́kọ́ na ọwọ́. Ọmọ tí àgbàlagbà ti fi ara rẹ̀ ṣe ohun tó wù wọ́n, ibí ló ti ń kọ́ pé ara òun jẹ́ ti òun. Bí mo bá fa orí rẹ̀ mọ́ra láìbi í, mo ti wó ohun tí mò ń kọ́. Kódà fífọwọ́ pa á lórí pé "o káre", mo ti fi í sílẹ̀.

Ti orí itan le díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó rẹ̀, tó wá jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi tó fi orí tì mí, mi ò lé e. Bó bá gun itan, mo ń sọ pé, "O fẹ́ sún mọ́ mi. Itan mi kì í ṣe ibi ìjókòó níbí. Ẹní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Lẹ́yìn náà èmi fúnra mi á sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga sórí ẹní, ká jọ wà ní ilẹ̀. Wọn kì í sábà bèèrè itan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ti pípọ̀n wá ńkọ́, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀? Ọ̀já tó wà nínú yàrá ló yanjú rẹ̀. "O fẹ́ kí n pọ̀n ẹ́ bí ọmọ kékeré. Èmi kì í pọ̀n ọmọ níbí. Ọ̀já nìyẹn, bèbí náà nìyẹn." Ẹ wo bí ọmọkùnrin ọdún márùn-ún á ṣe bẹ̀rẹ̀ kí bèbí má jábọ́, tí á fi ọ̀já wé e gírígírí, tí á máa rìn kiri yàrá, tí á máa ṣìpẹ̀ fún un. Èyí tí mo pọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Eré dókítà ló ń yọ olùtọ́jú tuntun lẹ́nu jù. Gbogbo ọmọ wa ló mọ abẹ́rẹ́ ìdí. Wọ́n á ní kí ẹ dojú bolẹ̀. "O fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí, kó dùn mí dáadáa. Ìdí mi kò sí nínú eré. Apá mi nìyí, bèbí sì ní ìdí." Ẹ ká apá aṣọ sókè. Bó bá gún yín, ẹ bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé kí n sunkún?" kí ó sọ irú aláìsàn tó fẹ́ kí ẹ jẹ́. Ti irun náà ń wáyé: ọmọbìnrin á fẹ́ di irun yín. Èmi ń gbà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí mo bá ti rí i pé irun ló ń dì lóòótọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í gbà. Ohun tí ẹ kò bá lè gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má gbà á lónìí, ìyẹn nìkan ni mo lè sọ.

Bó bá fẹ́ bọ́ aṣọ: bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó bọ́ wọn. Ìyókù ń wà lára. Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Ó ti lọ kó tó wọlé. Bó bá tún fẹ́ lọ, ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó padà.

Dídi ọmọ mú ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ bá ń fi orí lu ògiri, tàbí ó fẹ́ sá jáde sójú títì tí ọ̀kadà ń sáré, ẹ dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, láìtẹ àyà tàbí ọrùn rẹ̀, ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe, "Mo ń dì ẹ́ mú kí o má fi ara pa," kí ẹ tú u sílẹ̀ ní kété tí ewu bá kọjá. Ẹ sọ fún òbí lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ wákàtí, ìdí, àti ibi tí ọwọ́ yín wà sínú àkọsílẹ̀.

Ọmọ kan lè fi ọwọ́ kan ojú ara yín tàbí àyà yín. Ẹ má pariwo, ẹ má rẹ́rìn-ín: "O fẹ́ fọwọ́ kan ibẹ̀. Àyà mi kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ kàn. Bèbí wà níbẹ̀." Bó bá wá ń fi bèbí ṣe ohun tí ọmọ ọdún rẹ̀ kò yẹ kó mọ̀, ẹ kò nílò ààlà, bèbí ni. Ẹ wò, ẹ sọ ohun tí ẹ rí ní ṣókí, ẹ má bi í ní ìbéèrè tó ń fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bó bá ti jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ọmọ gan-an, ẹ kàn sí ọ̀gá yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ ṣe kò tó láti fi dájọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin tirẹ̀, kò fún yín láyè láti panu mọ́ nígbà tí ọmọ bá wà nínú ewu. Moremi Clinic wà ní Adó fún àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò, ọmọdé pẹ̀lú. Ẹbí lè wá bẹ̀ yín pé kí ọ̀rọ̀ má jáde nílé, pé ẹbí á yanjú rẹ̀. Ẹ gbọ́ wọn tán, kí ẹ sì ṣe ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: píparí

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ilé ẹ̀kọ́ á sọ, òbí á sọ, àmọ́ ẹ wo eré. Ọmọ tó ń béèrè gbogbo nǹkan lọ́wọ́ yín ti ń mú un fúnra rẹ̀. Èyí tó ń ja ogun kan náà láti oṣù méjì ti ń jẹ́ kí ẹni tó kú dìde. Ó bínú, ó sọ pé òun bínú. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó fúnra rẹ̀ ní, "Ìwọ kọ́ ni ohun lílù," ó sì kọjú sí tìmùtìmù. Nígbà mìíràn eré rẹ̀ á kàn di èyí tí kò wu ènìyàn wò, bí eré ọmọ yòókù ládùúgbò. Àmì tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Ẹ fún un ní ìjókòó mẹ́ta ó kéré jù láti mọ̀ pé ó ń parí. Bí ẹ bá ti wà papọ̀ fún ọdún kan, ẹ fún un ní márùn-ún. Ọmọ ayò ni mo fi ń kà á. Mo ń kó mẹ́ta sínú agolo mílíìkì, ọmọ á mú ọ̀kan jáde níparí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, á rí iye tó kù. Ẹ retí kó burú díẹ̀: ẹni tó ti jáwọ́ nínú jíjẹni lè tún gbìyànjú rẹ̀, láti wò bóyá ẹ máa dá a dúró bó bá ṣì ń ṣàìsàn. Ẹ lo ààlà kan náà, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kún un.

Bí òbí bá gé e lójijì, ẹ má bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìjókòó kan péré, ìṣẹ́jú 30 pàápàá, kí ọmọ má rò pé òun lé yín lọ. Èyí tó bá gbé iṣu wá fi dúpẹ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ òbí, níta, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Kíkọ iṣu sílẹ̀ ní Èkìtì máa dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀.

Ohun ìṣeré kì í jáde kúrò nínú yàrá, ọmọ sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ wọn máa fẹ́ mú nǹkan dání. Nítorí náà, ilé mi ni mo ti ń mú ọmọ ayò yẹn wá láàárọ̀, mi ò sì da wọ́n pọ̀ mọ́ tinú yàrá. Ẹyọ tó kù nínú agolo, ọmọ ló ni ín.